Ọlọ́wọ́ Òsì Ìlú Kejì

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ kọ́ sí àdúgbò wa ní Ọ̀mù-Àrán ni ibi tí a ti ń ṣe gàrí wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí mo ti fi ìwé sílẹ̀. Odi kúkúrú kan ló wà láàárín àwa àti pápá. Ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí ni mo máa ń jókòó tì. Òun a máa sọ̀rọ̀, èmi a máa gbọ́. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí oníbàárà bá bi mí pé èló ni kóńgò kan, ojú ìyá yìí ni mo máa ń wò kó bá mi dáhùn.

Bọ́ọ̀lù kan ló mú wa mọ eré tí wọ́n ń ṣe ní pápá náà. Ó fò wá, ó bọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, òun náà funfun bíi wọn, àfi òwú pupa tí wọ́n fi rán an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ orí lókè odi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ju bọ́ọ̀lù wa."

Ìyá ní, "Wá mú un. Ṣùgbọ́n kí o tó mú un, sọ ohun tí ẹ ń fi igi lé kiri níbẹ̀ látàárọ̀ fún wa."

Ó fo odi wọlé, ó sì ṣàlàyé. Bésíbọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù onígi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Èkó ló kó igi àti ìbọ̀wọ́ wá nígbà tó wá sílé. Tíṣà kan tó ti gbá a rí nígbà tó ń kàwé ní Òrò ló sì kọ́ wọn. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a fi igi gbá a, ẹnì kẹta a lóṣòó lẹ́yìn onígi láti gbà á bó bá kọjá. Bó bá gbá a dáadáa, á sáré yí àpò iyanrìn mẹ́ta po, á sì padà sílé. Bó bá fi igi na afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á lọ jókòó.

"Kí èèyàn sáré títí, kó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀?" ni ìyá wí. "Ohun tí mo ti ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ."

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, a máa ń gbé àpótí ìjókòó wa kọjá odi. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé adùn rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Kò sí aago nínú eré náà. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró kó máa rò ó, gbogbo pápá á sì bá a dákẹ́. Nígbà tí igi bá wá bá bọ́ọ̀lù pàdé, tó ró gbàmù, àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́bàá ògiri á gbé orí sókè, ọkàn mi á sì fò tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà lọ.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló tún ń gbá a nítòsí, ní ìlú kan lọ́nà Ṣàrẹ́. Wọ́n máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù wá bá wa, wọ́n sì máa ń nà wá. Wọ́n nà wá débi pé ìyá ní ká kúkú máa se oúnjẹ dè wọ́n, pé ẹni tó mọ ilé ẹni tó báyìí kì í ṣe àlejò mọ́. Ajubọ́ọ̀lù wọn ló ń fojú wa rí màbo, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń fi ọwọ́ òsì jù ú. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa bọ̀ tààrà, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé, á yà bíi ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe dúró tó ń rò ó, tí gbogbo pápá dákẹ́, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ọwọ́ ìdọ̀tí lo fi ń jù ú. Lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá yíjú wò mí bíi ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹlẹ́nu, ọwọ́ yìí náà ni màá fi nu omijé àwọn ará ilé yín." Ó jù ú. Ẹni wa fi igi na afẹ́fẹ́, ó sì lọ jókòó.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó máa ń bi ìyá léèrè pé ṣé ẹlẹ́nu wà nílé. Èmi náà á ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ro ohun tí màá fi bú u bí mo ṣe ń bó ẹ̀gẹ́. Ó sọ fún ìyá nígbà kan pé ìyá òun máa ń fi ọmọrogùn lu òun lọ́wọ́ bí òun bá fi òsì mú òkèlè, pé orí pápá nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti bá òun wí. Mo gbọ́ ọ. Ohun tí pápá yẹn ń ṣe fún un ló ń ṣe fún mi. Bí mo bá ti padà kọjá odi báyìí, ẹnu mi á tún pa dé.

Nígbà tó yá, ọ̀nà Ṣàrẹ́ bàjẹ́. Kì í ṣe kòtò ni mò ń wí. Àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú igbó, awakọ̀ akẹ́rù náà sì ní òun kò lọ mọ́. Àwọn tiwa pín ara wọn sí méjì, wọ́n ń bá ara wọn gbá. Kò dùn. Ta ni mo fẹ́ bú níbẹ̀? Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí àwọn ará ibẹ̀ tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò. Àwọn èèyàn burúkú ti wọ ìlú wọn, wọ́n sì ti sun ún. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fún wọn láti máa sùn, orí pápá ni wọ́n ń dáná. Mo rí ọlọ́wọ́ òsì náà, fóòmù ló rù sórí. Ó rí mi. Mi ò lè kí i. Mi ò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí kì í ṣe èébú.

Síbẹ̀, eré ni mò ń rò. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wà lójú kan náà báyìí, kò sí ọ̀nà láàárín wọn mọ́. Mo sọ ọ́ sí ìyá létí nígbà tí a ń bu gàrí fún wọn. Ìyá bá mi bi ọlọ́wọ́ òsì bóyá yóò jáde gbá a.

Ó ní, "Màmá, ta ni màá jù ú sí?"

"Ṣé àwọn tiwa kò lọ́wọ́ ni?"

"Ẹni tó máa ń lóṣòó gbà á fún mi kò tíì dé."

"Ibo ló wà?"

"A jọ sáré ni. Mo rò pé ó wà lẹ́yìn mi."

Ìyá tún bu gàrí kún tirẹ̀.

Ẹni náà kò dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tíṣà lọ bẹ ọlọ́wọ́ òsì pé kó ṣáà jáde jù ú díẹ̀, kí ara lè yá a. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé àpótí mi kọjá odi. Ẹnì kan nínú àwọn tiwa lóṣòó láti máa gbà á, ẹlòmíràn sì mú igi dúró níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yà, ẹni tó lóṣòó kò tilẹ̀ rí i, ó lọ bọ́ sínú eérú. Èkejì bà á ní orúnkún.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni ọlọ́wọ́ òsì wí. Ó wá rọra jù ú kí wọ́n lè rí i gbà. Bọ́ọ̀lù náà wá tààrà, jẹ́jẹ́, bíi èyí tí a jù fún ọmọdé, onígi wa sì gbá a gbàmù. Ó kọjá lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ọmọ ìlú wa tó gbá bọ́ọ̀lù ọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó gbá a dúró síbi tó wà, igi ń fì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sáré, jàre," ni ọlọ́wọ́ òsì wí fún un.

Kò sáré. Ọlọ́wọ́ òsì wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ẹlẹ́nu, o ò ní sọ nǹkan kan?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dúró dè mí. Mo la ẹnu, mo wá a títí, kò sí ohun kan níbẹ̀. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pé omi ẹ̀rọ ti ń yọ, gbogbo wọn sì gbé kẹ́ẹ̀gì, òun náà gbé tirẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan lọ sí Èkó láti máa gé búlọ́ọ̀kù. Méjì nínú àwọn tiwa náà tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù kò tó ẹgbẹ́ kan mọ́. Tíṣà wá bá wa níbi gàrí, ó gba àpò kan lọ́wọ́ ìyá, ó kó àwọn ìbọ̀wọ́ sínú rẹ̀, ó sì so ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, má wulẹ̀ gbé àpótí rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Kò ní sí nǹkan kan."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ó gbé àpò náà sí èjìká, ó sì lọ. Ẹ̀gẹ́ tuntun ti dé láti oko ní ọ̀sán yẹn, ó pọ̀, ìyá sì ti ń pe ẹni tó máa lọ̀ ọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.