Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bàbá Mi

"Ọwọ́ ni kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò. Má gba ojú gbọ́."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ.

Atukọ̀ ológun ni bàbá mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ yẹn kì í wá èbúté. Orí yanrìn etí òkun ló ń gùn, á la ẹnu gbàgà, sójà àti tírọ́ọ̀kì á máa jáde. Ilẹ̀kùn ẹnu yẹn ni iṣẹ́ bàbá mi. Rọ́bà nípọn yí i ká. Bí yanrìn bá há síbẹ̀, omi á wọlé. Torí náà, kí wọ́n tó tì í, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra rọ́bà náà yíká, láì wọ ìbọ̀wọ́.

Àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ á ní, "Baba Onílẹ̀kùn, ṣé ẹ fẹ́ kó sùn ni?"

Á ṣáà máa ra á lọ.

Wọ́n fi ọkọ̀ náà jagun rí. Bàbá mi kì í sọ ìyẹn. Èyí tó máa ń sọ ni ti ọdún tí omi gba ìlú kan. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará ìlú náà, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn lé méjìlá ló wọlé. Obìnrin kan bímọ láàárín àwọn tírọ́ọ̀kì. Ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlá ló jáde. Tó bá ti sọ ọ́ débẹ̀, ẹ̀rín ni.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ẹnu ẹ̀ kọjú sí yanrìn. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ gbogbo Sátidé ló ń gbé agolo gírísì lọ síbẹ̀. Tó bá padà dé, ìyá mi á ní, "Orogún mi ńkọ́? Ṣó jẹun?"

"Ó yó bámúbámú."

Lóṣù tó kọjá, a gbọ́ pé wọ́n máa wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gé ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lójú òkun. Gígé tí wọ́n fẹ́ gé e kọ́ ló dun bàbá mi. Ó ní ohun tó bá ti gbó, lílọ ló kù. Kó má lọ rì sọ́nà ni. Wọ́n máa ṣílẹ̀kùn kó ìyókù ẹrù jáde, wọ́n á tún tì í. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Òun ò lè dìde. Ó rán mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan ló wà nídìí ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹran tí à ń fà lọ fún alápatà, ta ló ń fọ eyín ẹ̀?"

"Bàbá mi ló ní kí n wá."

"Ó mọ́. Mo ti wò ó."

Èmi náà wò ó. Ó mọ́ lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kí n máa lọ. Mo wá fọwọ́ ra á. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá òsì, nǹkan gún mi. Èèpo ìṣáwùrú, kò tó èékánná àtàǹpàkò, òun àti yanrìn díẹ̀. Mo nu ún kúrò.

Ọmọ náà wo èèpo náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lápá kejì. A tì í.

Mo fi èèpo náà sápò láti fi han bàbá mi. Ìyá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò tíì pé wákàtí kan tí bàbá mi gbẹ́mìí mì. Mo wọlé, mo fi èèpo náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lánàá, ọmọ atukọ̀ yẹn pè mí. Ọkọ̀ ti dé.

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé inú ẹ̀ gbẹ táútáú. Èèyàn lè tẹ́ ẹní síbẹ̀."

Mo ní, "Màá jíṣẹ́."

Ìyá mi ń sùn lọ́sàn-án yìí. Ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi máa ń dún tá a bá ṣí i. Mo fa agolo gírísì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìka ra díẹ̀ mọ́ àwọn irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, lókè, nísàlẹ̀. Mo ṣí i, mo tì í. Kò dún mọ́. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ẹ̀ yíká.