Tẹlifíṣọ̀n Mẹ́ta Tí Mo Rà fún Bàbá Mi

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ tuntun ju bó ti yẹ lọ. Olùkọ́ ni mí ní Ìlaró, ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n tuntun kan bá dé ìgboro, màá ti ka ohun tí àwọn tó rà á sọ nípa rẹ̀ lórí fóònù mi kí agogo ilé ìwé tó lù. Mo mọ èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tí ohùn rẹ̀ ò dáa. Mo mọ èyí tó ń gbóná lẹ́yìn. Ìmọ̀ yìí ni mo gbé lọ bá bàbá mi ní Ajílété, òun náà ló sì fọ́ mi lójú.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí eegun wọn ò gba oko mọ́, bọ́ọ̀lù àti ìròyìn ló kù tí wọ́n fi ń najú. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó yọ ikùn sẹ́yìn ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ kan wọ́n sọ fún mi pé àwòrán rẹ̀ ti ń ṣú. Kí n má purọ́, inú mi dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí màá ṣe lé ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kúrò nílé.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣòwò ní Tube, lẹ́nu ibodè. Mo ní kó bá mi ra ọ̀kan láti òdìkejì, ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Èdè Faransé ló kọ sójú nígbà tí a tàn án, ó sì tó wákàtí kan kí n tó rí ibi tí a ti ń yí i padà. Bàbá jókòó tì mí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Kò pé ọdún kan, wọ́n tún ní kò mọ́lẹ̀ tó. Mo ní iná ni kò gbé e dáadáa, mo ra sítábíláísà. Wọ́n ní ó ṣì ń ṣú. Mo bá ra ínǹṣì mẹ́tàlélógójì.

Bí a bá jọ ń wo bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, wọ́n á fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n á máa bi mí pé ta ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, mo ní ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ń bu omi, omi ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù, mo ní ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ ínǹṣì márùndínlọ́gọ́ta. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ojú ò tíì rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Káfíńtà ló bá wa gbé e kọ́ ara ògiri, àwọn ará ilé wá wò ó. Bàbá wò ó díẹ̀, wọ́n wá rọra sọ fún mi pé, "Eléyìí ti tóbi jù. Mi ò rí gbogbo rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú wọn á mọ́ ọn lára.

Nígbà ọdún iléyá, àbúrò mi gbé àwo ẹran sí ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi dé imú wọn. Ó pè mí síta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú Bàbá ni, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n." Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló mọ̀. Nígbà tí ọdún parí, ó gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn ojú ní Abẹ́òkúta, ìtìjú ló jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn.

Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ní kí Bàbá wo inú ẹ̀rọ kan, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí wọ́n bá rí iná. Èmi dúró, mò ń yẹ ẹ̀rọ náà wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Bébà tó jáde níbẹ̀ dúdú yíká, àárín díẹ̀ ló funfun. Ó ṣàlàyé pé agbára omi inú ojú ló ń pa iṣan tí a fi ń ríran, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ẹ́ wá, kì í sì í dun èèyàn. Ojú ọ̀tún ti lọ. Tòsì ń ríran bí ẹni ń yọjú láti inú ihò ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Bí tẹlifíṣọ̀n tí mò ń rà ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Bàbá ń rí nínú rẹ̀ ń dín kù.

Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé nǹkan ń ṣú. Mo mọ oṣù tí mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó lé lọ́dún mẹ́ta.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ká ní ẹ gbé wọn wá nígbà yẹn ni," ó ní, "à bá dá púpọ̀ dúró nínú rẹ̀. Èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́."

Nínú mọ́tò, mo bẹ Bàbá. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mo rò pé o mọ̀ nípa rẹ̀ ni. Ìwọ lo kàwé."

Oògùn tí a ń kán sí wọn lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń ṣọ́ èyí tó kù. Wọn ò jẹ́ kí n tú tẹlifíṣọ̀n náà kúrò. Bí àlejò bá dé, wọ́n á nawọ́, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló rà á, ìka wọn á sì máa tọ́ka sí ògiri lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò á yíjú sí mi, á ní mo ṣe ọmọ. Èmi náà á ní a dúpẹ́.