Ìró Tí Wọ́n Fi Bò Mí

Itọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ń bá oníbàárà kan nájà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàfọ̀, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀wà, itọ́ sì ń dà lẹ́nu mi bí ọmọ tó ń hu eyín. Oníbàárà náà bi mí bóyá ẹ̀wà ara mi ló ń wù mí jẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ojú mi ti ṣú, ẹran apá mi ń jó láìsí ìlù, ìgbẹ́ sì ń yọ́ lára mi láìgbàṣẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Múfú fín oògùn kòkòrò sí ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Bíríkìlà ni Múfú tẹ́lẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó fi àkísà di imú, wọn ò sì kọ nǹkan kan sára agolo oògùn rẹ̀. Àwa ọlọ́jà, oògùn tí kò bá ta wá lójú, omi lásán la máa ń pè é. Ó fín in títí a fi ń sín, la bá ń yìn ín. Kò ní ká dúró síta. Mo wọlé, mo jókòó lórí àpò ẹ̀wà kan tí oògùn ò tíì gbẹ lára rẹ̀, mo sì fi etí ìró mi nu àpò kejì.

Ìyá Bísí, tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rọ epo pupa sí mi lẹ́nu nítorí epo ni wọ́n ní ó ń pa májèlé. Epo gba ọ̀nà ọ̀fun, ó fẹ́ gba ọ̀nà èémí. Díẹ̀ ló kù kó pa mí kí májèlé tó ṣe tán. Ara mi ti bàjẹ́, ìró mi sì ti tú, Ìyá Bísí wá ní obìnrin ilé Mùsùlùmí kì í wà níhòòhò lójú títì. Ó fi ìró yẹn gan-an dì mí pinpin.

Ní ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì la ti ń dúró. Mo ń gbọ́ ohùn gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n èémí mi ń kúrú, mo sì mọ̀ pé mo ń kú lọ. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó gbóòórùn mi, ó padà.

"Ta ló dì í mọ́ májèlé báyìí?"

"Èmi ni, mà. Ìtìjú rẹ̀ ni mo bò," ni Ìyá Bísí wí.

Nọ́ọ̀sì náà fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ náà kúrò, ó sì fi ọṣẹ wẹ̀ mí. Àṣé gbogbo ọ̀nà tí a rìn ni ìró náà ń fún mi ní oògùn mu láti ara.

Dókítà ṣàlàyé pé èròjà kan wà lára tó ń sọ fún iṣan pé ó tó, sinmi. Oògùn kòkòrò yẹn ló dí i lẹ́nu, ni iṣan bá ń ṣiṣẹ́ bí aṣiwèrè. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní átírópìnì ló gbẹ itọ́ mi, tí èémí mi fi padà. Ó ní ẹni tó bá ń fín irú oògùn yẹn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì lé èèyàn jáde títí afẹ́fẹ́ yóò fi mọ́.

Mo padà sílé, mo rò pé ó parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi kú, tí ẹsẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ májèlé yẹn náà ni, pé agbára ẹsẹ̀ mi lè padà, ó sì lè má padà. Kò padà.

Mo bi Múfú léèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́wà, ṣé kòkòrò mọ̀wé ni?" Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ó dùn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì ń pè é wá fín oògùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí irú májèlé yìí bá mú èèyàn yín, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí ìtìjú dúró sílé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi, ó jà fún mi nígbà tí n ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àná, mo rí Múfú tó gbé agolo kọ́ èjìká, tó ń bọ̀. Mo di ògiri mú, mo dìde. Kí n tó fa ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń fín in.