Kòkòrò tí Mẹ̀dínátù Sá sí Oòrùn

Kòkúmọ́ Bàrúwà ń gbin ẹ̀wà sóyà ní Afọ̀n. Éékà méjì ni, kò dín, kò lé. Ọ̀nà Kútọnu ni ajílẹ̀ tí ó ń lò ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà, ajílẹ̀ tán lọ́jà, ewé sóyà sì pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe.

Ní ọdún kejì tí bọ́dà wà ní títì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Fadékẹ́mi dé láti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó mú ọ̀rá kan dání, ẹbu dúdú ló wà nínú rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Kòkòrò ni, Bàbá. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n á wọ gbòǹgbò sóyà, wọ́n á máa bá a wá ajílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́."

"Ṣé wọn ò ní pa ewúrẹ́ mi?"

"Ọdún mẹ́rin la fi dán wọn wò. Wọn kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, wọn kò ṣe ẹran, wọn kò ba omi jẹ́."

Oko Kòkúmọ́ nìkan ni wọ́n yàn láti fi dán an wò ní Afọ̀n. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ ìlú á rí i gbà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn kò ní mú un wá mọ́.

Fadékẹ́mi ní kí wọ́n fi ọ̀rá náà sí ibi tútù. Ṣùgbọ́n Kòkúmọ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ó gbé e fún Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Kòkòrò ló wà níbẹ̀. Tọ́jú ẹ̀." Ó bá lọ sóko.

Bí kòkòrò bá wọ ẹ̀wà, oòrùn la fi ń lé e. Kò sí obìnrin Afọ̀n tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ̀dínátù da ẹbu náà sórí àtẹ, ó sá a láti àárọ̀ títí di ìrun àìlà.

"Mo ti bá yín lé wọn, Bàbá Toyibat," ni ó wí nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti oko dé. "Ẹyọ kan ò kù."

Kòkúmọ́ wo àtẹ. Ẹbu ti gbẹ. Òjò sì ti ṣú. Ó rò ó pé díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ó fi omi pò ó mọ́ irúgbìn, ó gbìn ín sí apá ọ̀tún oko. Irúgbìn lásán ló gbìn sí apá òsì, kí wọ́n lè fi wéra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Fadékẹ́mi padà wá. Kò sí epo ọkọ̀ ní gbogbo agbègbè bọ́dà, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti oríta. Ó hú igi sóyà mẹ́wàá lápá ọ̀tún, ó hú mẹ́wàá lápá òsì. Ó fi èékánná la àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò, níbi tí kòkòrò náà ń gbé. Èyí tí ó bá ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ á pupa. Funfun ni gbogbo wọn, ọ̀tún kò sàn ju òsì.

"Wọn ò bá ilẹ̀ yín mu, Bàbá." Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fa bírò yọ.

Kòkúmọ́ jókòó tì í. Bí ó bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

"Má kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Oòrùn ló pa wọ́n. A sá wọn. Mo mọ̀ kí n tó gbìn wọ́n."

Mẹ̀dínátù ń gbé omi bọ̀, ó gbọ́. "Èmi ni mo sá a, Àǹtí. Kòkòrò lẹ pè é. Ṣé kí n máa sin kòkòrò bí ọmọ adìyẹ ni?"

Fadékẹ́mi bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni ǹ bá pè é, Màmá?"

"Ẹ bá ní ó dà bí ohun tó ń mú irú ṣe. Ìyẹn, ǹ bá ti bò ó mọ́lẹ̀ síbi tútù. Ta ní ń sá irú tí kò tíì ṣe?"

Fadékẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, oko yín ò lè wọ ìwé lọ́dún yìí. Ọ̀rá kan ló kù lọ́wọ́ mi, ti Ìbítóyè, àgbẹ̀ ará Ayétòrò ni. Ọ̀la ló ń gbìn."

"Ó dáa."

"Ṣùgbọ́n n ò ní kọ pé kò ṣiṣẹ́. N ó kọ pé a kò tíì dán an wò ní Afọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Ẹ bá mi dé Ayétòrò, kí ẹ sọ fún Ìbítóyè fúnra yín pé oòrùn ń pa á. Á gbọ́ tiyín ju tèmi lọ."

"Ìbítóyè ẹlẹ́nu ṣáṣá!" ni Mẹ̀dínátù wí. "Á fi yín rẹ́rìn-ín títí di Iléyá tó ń bọ̀."

"Á rẹ́rìn-ín," ni Kòkúmọ́ wí.

Ó dìde. Ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó gba àpò tí ọ̀rá Ìbítóyè wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Fadékẹ́mi, ó gbé e sí abíyá níbi tí oòrùn kò lè dé, ó sì kọjú sí oríta.