Máńgòrò Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Gbìn

Ọwọ́ kan péré ni àbúrò ọkọ Màmá fi fa igi máńgòrò náà tu. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, erùpẹ̀ tútù sì ta sí mi lẹ́sẹ̀. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí ó ti kúnlẹ̀ kí i nígbà tó wọlé, bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ẹbí ọkọ. Èmi dúró ti kẹ́ẹ̀gì omi tí mo gbé wá láti ilé wa, mi ò mọ̀ bóyá kí n sá ni tàbí kí n ké.

Aládùúgbò wa ni Màmá, ní Èrúwà. Ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wa àti tirẹ̀. Òkè-Ògùn ni ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ wá, kò bímọ, ọkọ náà sì kú nígbà tí mo wà ní pírámárì. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀. Láti ibi tí ìyá mi ti ń fọ abọ́ nílé wa, a máa ń gbọ́ ariwo wọn ní pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó kó jáde kí wọ́n lè ta ilé náà. Nígbà tó kọ̀, wọ́n ní kó ṣì máa gbé ibẹ̀ ná, kó gbin ata àti ẹ̀fọ́ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin ohunkóhun tó ń di igi. Ọmọdé ni mí, mo sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ò lọ síbì kan mọ́.

Bí ìpàdé bá ti tú, ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ń gbà lọ, pẹ̀lú aṣọ dúdú opó lára. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè tú okùn tó fi so ilẹ̀kùn ọgbà. Èmi ni mo máa ń tú u. Á jókòó sórí àpótí, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀gbẹ́ ebè tẹ̀tẹ̀, á máa fa koríko. Òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta á máa fẹ́ wá, ọ̀kadà á máa kọjá lọ sí Lánlátẹ̀, èmi á máa fi agolo mílíìkì tí a dá ihò sí nídìí wọ́n omi sí ṣọkọ. Bó bá ṣe díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ló gba kóró máńgòrò tí mo jẹ tán lọ́wọ́ mi, ó bò ó mọ́lẹ̀ láàárín ata.

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ gbin igi."

Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Igi náà ti ga dé orúnkún mi kí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó rí i. Bó ṣe fà á tu lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ní, "Ìyàwó, ẹbí ti bá ọ sọ̀rọ̀. Àbí o ò létí ni?"

Màmá kò dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti na ọwọ́ mú igi tó ti ń rọ.

"Wọ́n bá mi sọ ọ́, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí ni mo fẹ́ gbìn ín sí."

Kò gbé ohùn sókè. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ̀n rárá. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ògiri, kò rí ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn, ló bá sún. Màmá fi ìka gbẹ́ ilẹ̀, ó ní kí n gbé omi wá.

Igi yẹn kú. A gbin òmíràn, ọkùnrin náà tún padà wá fà á tu. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ti to àwọn agolo tí kóró máńgòrò ń hù nínú wọn sẹ́yìn kíṣìnnì wa, ìyá mi sì ń ṣe bíi pé òun ò rí wọn. Bó bá ti ń fà, bẹ́ẹ̀ là ń gbìn. Nígbà tó yá, ó rẹ ọkùnrin náà. Inú ilé yẹn ni Màmá gbó sí, inú rẹ̀ ló kú sí, wọn ò sì tà á. Àwọn ọmọ-ọmọ ọkùnrin náà ló ń sọ òkò sí máńgòrò ibẹ̀ báyìí bó bá ti pọ́n.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé onísùúrù ni. Mi ò gbà. Olórí kunkun ni, inú orí kunkun yẹn gan-an ló sì ti ń sinmi. Ohun tí mo kó lára rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò ilẹ̀kùn ilé tí mo yá n'Íbàdàn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Lándílọ́ọ̀dù wa ti kìlọ̀ pé òdòdó inú ìkòkò nìkan ni òun fẹ́. Mo jẹ máńgòrò kan tán, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ mi ti dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lándílọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi.

"Àǹtí, kí lẹ ń gbìn síbẹ̀ yẹn?"

Mo kí i dáadáa lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Máńgòrò ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀."