Ohun Tí Nimat Ń Gbé Mì

Nígbà tí Nimat Shittu kọ́kọ́ dé ilé ìtẹ̀wé tó wà ní òpópónà Ìkòsì, ní Kétu, òun ló kéré jù níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mánéjà ní kó lọ ra oúnjẹ ọ̀sán wá fún gbogbo wọn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tuntun ló ń jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún. Nimat lọ́kọ, ó bímọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kúrò ní lẹ́tà títẹ̀ lásán, ó di pé òun ló ń ya kàléńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti páálí ọjà tó ń jáde nílé iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, òun náà ni wọ́n ń wojú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ á na owó sí i láìgbójú sókè. Á gbà á, á mú báàgì ọ̀rá, á sì jáde sínú oòrùn.

Bọ̀wálé ni mánéjà wọn ń jẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí ara ọmọ Nimat ò yá, òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ohun tó kàn máa ń ṣe ni pé, bí kọ́sítọ́mà bá ń yin iṣẹ́ kan, á fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, á ní, "Mi ò sùn lórí èyí o." Nimat á wà nídìí kọ̀ǹpútà, á gbọ́ ọ ketekete. Òun ni kò sùn. Á rẹ́rìn-ín músẹ́. Tó bá yá, á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, á gba ẹ̀yìn ilé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, á sì máa jẹ búrẹ́dì.

Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń dà á láàmú. Kì í fi ọ̀bẹ gé e. Á máa fà á ya, á máa tì í bọ ẹnu, kò ní mọ̀ bóyá ó dùn tàbí kò dùn, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kan ọ̀rá òfìfo. Ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ti jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, ebi ò sì pa òun. Kí ló wá ń wá nínú búrẹ́dì? Á nu ẹnu rẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́, ojú á máa tì í bí ẹni tó jalè. Lọ́jọ́ kejì, á febi pa ara rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí i lọ́rùn.

Ó kọ́kọ́ rò pé aràn ni. Ó lo oògùn aràn. Roqeeb ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, rò pé oyún ni, inú rẹ̀ sì ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kò sí oyún. Nọ́ọ̀sì kan ní kó máa mu omi dáadáa. Aládùúgbò wọn ní kó gbàdúrà sí i, pé oúnjẹ ojú àlá ló ń bá a jà. Nimat ń gba ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, ó ń lò ó, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ náà wà lára ohun tó fà á. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Ajarat, ń ta àlùbọ́sà ní àpò-àpò ní Mile 12. Bí ọmọ bá ń sunkún láàárín ọjà tí ọkọ̀ ń já ẹrù, àyè ò sí láti bi í pé kí ló dé. Àkàrà ni ìyá rẹ̀ ń fi sí i lẹ́nu. Bí ọmọ ẹlòmíì bá gbá a létí, àkàrà. Bó bá bèèrè bàbá rẹ̀ tó lọ sí Ìlọrin tí kò padà, ìyá rẹ̀ á bu ẹ̀wà fún un, á ní kó máa jẹun, a kì í jẹun ká máa sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ni ìyá yẹn ń fi oúnjẹ ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Nimat dàgbà tán, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí inú bàjẹ́ àti kí inú ṣófo.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ààwẹ̀ Ràmàdáánì fi dé.

Ààwẹ̀ kì í ni Nimat lára. Bọ̀wálé àti àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí náà wọ́n ṣì ń rán an ní oúnjẹ, òórùn ẹran díndín á sì máa lù ú nímú bó ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Kò ráhùn. Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ ti ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá sọ láàárọ̀ á ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí i lọ́nà ọ̀fun. Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì á ti tì í lọ sísàlẹ̀. Báyìí, kò sí búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ náà kò sì níbi tó ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òun ń di oníbìínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Keziah wá láti Gbàgádà. Ọṣẹ àti ìpara ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó wá wo páálí tuntun tí Nimat ti ń yà fún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: èso òrí kan tó là sí méjì, tí inú rẹ̀ ń dán. Keziah gbé páálí náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó bèèrè ẹni tó yà á.

Bọ̀wálé fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Ó ní òun ò sùn lórí èyí o. Ó wá yíjú sí Nimat, ó ní kó bá àwọn wá ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ fún mádáàmù.

Nimat dìde. Ó ti mú báàgì ọ̀rá lọ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń jẹ nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fẹ́ gbé itọ́ mì, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo yà á," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo yà á, mi ò sì ní lè lọ ra oúnjẹ."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún lọ ní tirẹ̀, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ gbójú sókè. Keziah wo Bọ̀wálé, ó wo Nimat. Ó wá bi Nimat pé kí ló dé tó fi la èso náà sí méjì. Nimat ní bí ìyá òun àgbà ṣe máa ń là á nìyẹn ní Ṣakí, pé ibi tó là yẹn ni òun ń rí bí wọ́n bá ti dárúkọ òrí. Keziah rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà yẹn. Ó tún ní ebi kò tilẹ̀ pa òun.

Nígbà tó lọ tán, Bọ̀wálé pe Nimat sí ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ìbá sàn fún Nimat ká ní ó pariwo.

"Mo rò pé sùúrù ni wọ́n ń fi ààwẹ̀ kọ́ yín," ló wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí, kéèyàn dójú ti ọ̀gá rẹ̀ níwájú kọ́sítọ́mà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Nimat lákínyẹmí ara, nítorí òun náà mọ̀ pé alááwẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣé ìjà ló jà? Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀gá rẹ̀, ó rí i lójú rẹ̀ pé ojú tì í lóòótọ́. Ṣé òótọ́ lè ba ààwẹ̀ jẹ́? Àbí kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀, òǹgbẹ ló sọ ọ́? Ó to gbogbo rẹ̀ títí, kò tò.

Kò lè lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ó gba Mile 12 lọ, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fi tapólì bo àpò àlùbọ́sà tó kù. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàájà Ajarat na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. Ó bèèrè bóyá Roqeeb ti gbọ́. Ó ní kí Nimat lọ bá ọkùnrin náà láàárọ̀ ọ̀la kó bẹ̀ ẹ́, pé iṣẹ́ ò wọ́n nílẹ̀ báyìí. Ó wá fa abọ́ àkàrà ìṣínu mọ́ra, ó ní àsìkò ti ń tó, kó jẹun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ká tó jẹun," ni Nimat wí.

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni pé èdè Faransé ló sọ. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ kúrò lórí abọ́. Nimat sọ gbogbo rẹ̀: rírán tí wọ́n ń rán an, iwájú orí tí Bọ̀wálé ń nù, búrẹ́dì tó ń jẹ lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé ebi ń pa á. Kò sunkún. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde wúruwùru, èyí tó yẹ kó ṣáájú ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tó parí, Àlàájà Ajarat mi orí.

"Búrẹ́dì gbẹrẹfu?" ló bèèrè. "Láìsí ọbẹ̀?"

Nimat kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bínú. Ohùn ìpèrun ti dìde ní mọ́sáláṣí ọjà. Wọ́n fi omi àti dàbínù ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n jókòó ti àkàrà. Ó dùn. Nimat rí i pé ìyá òun ti gé àlùbọ́sà sí i wẹ́wẹ́, ata rẹ̀ sì mú. Ó jẹ, ó yó, ó sì dúró. Àkàrà ṣì wà nínú abọ́. Ìyá rẹ̀ bèèrè bóyá ó ti kan ni. Nimat ní rárá, ó dùn, ó kàn tó òun ni. Àlàájà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Kò lọ bẹ Bọ̀wálé láàárọ̀. Ó lérò pé wọ́n á lé òun. Wọn ò lé e. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọn ò rán an níṣẹ́. Stephanie, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níwájú, ni wọ́n rán. Stephanie lọ, ó dé pẹ̀lú òógùn, ó já ọ̀rá sílẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ Nimat. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan, ó ní, "Aǹtí Nimat, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí tiyín, ẹ wá gbé e rù mí."

Èyí ló wá da Nimat rú jù. Ó ti ń rò pé òun gba ara òun sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó kàn yí ẹrù padà sórí obìnrin mìíràn? Roqeeb ní ọ̀rọ̀ Stephanie kò kàn án. Ìdáhùn yẹn rọrùn, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ bá Stephanie, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ wọlé tọ Bọ̀wálé lọ. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ò ní máa lọ mọ́, kí kálukú máa ra tirẹ̀. Bọ̀wálé bi wọ́n bóyá àwọn ló wá ń darí ilé iṣẹ́ báyìí. Wọn ò kúrò lórí ìdúró, títí ó fi ní kí wọ́n máa lọ.

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kùn, òmíràn nínú wọn fi bisikíìtì mu omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, kálukú ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra tirẹ̀. Bọ̀wálé ń gbé oúnjẹ bọ̀ láti ilé. Bí kọ́sítọ́mà bá ń yin iṣẹ́, á ní, "Ẹ bá Nimat sọ̀rọ̀." Bí àwọ̀ bá ṣì, tí kọ́sítọ́mà ń bínú, á tún ní, "Ẹ bá Nimat sọ̀rọ̀." Títí di òní, Nimat ò lè sọ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀san.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, oníkàléńdà kan, kọ́sítọ́mà tó wá tẹ kàléńdà, bú u níwájú gbogbo èèyàn. Kó tó mọ̀, ó ti wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ dé ààbọ̀, ó dúró, ó wò ó, ó wá jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó mọ̀ pé inú ló ń bí òun. Lọ́jọ́ kejì kò febi pa ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ bí gbogbo èèyàn, ó sì pe oníkàléńdà náà lórí fóònù, ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àná kò dára.

Ní Sátidé kan tí Roqeeb ò lọ síbi iṣẹ́, ó bi í pé oúnjẹ wo ló wù ú jù láyé, kí òun lọ wá a fún un. Nimat mọ̀ pé Bọ̀wálé kì í jẹ pọ̀nmọ́. Ó mọ̀ pé Stephanie ò fẹ́ ata, pé ìyá òun kì í fi ẹja gbígbẹ ṣeré. Ti tirẹ̀ ni kò mọ̀. Ó jókòó, ó ń ronú bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè nínú ìdánwò. Nígbà tó pẹ́, ó ní bóyá ìkọ́kọrẹ́.

Roqeeb lọ rà á wá lọ́dọ̀ obìnrin ará Ìkòròdú kan tó ń sè é ní ọ̀nà Àgbóyi. Nimat fi ṣíbí bù ú, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó di ojú.

"Kò burú," ló wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ni."

Roqeeb bèèrè pé èwo wá ni. Nimat ní òun ò tíì mọ̀, ó sì mú ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ náà jẹ.