Lateefah, Òkú Tó Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Wọ́n ní Lateefah ti kú. Mùlíkátù tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò wa ní Ìkòròdú ló gbé ìròyìn náà wá. Ó ní ojú òun ló ṣe, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e ní Agbowa, àwọn èèyàn ń sunkún. Mo ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ṣe "Ìnnà lílláhì" síbẹ̀, a kì í mọ̀. Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ níbi tó ń gbé, láti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀. Òkú fúnra rẹ̀ ni mo bá ní Ọjà Olúwo, ó ń yí ẹja padà lórí iná.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Salman. Fíìmù ni o! Ẹja mélòó ni kí n bá yín dì?"

Ọmọ Ijede ni. Nígbà ọmọge rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn olórin ló ti ń jó. Tó bá fi ìdí sí i, èmi tí mo ń bọ̀ láti àsàlátù pàápàá á dúró díẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí. Orúnkún ló dá a dúró, ló bá wọ tíátà. Ara tí ijó ti kọ́ mọ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sé èémí tó o. Bó ṣe di òkú ìyàwó, òkú ìyá àti òkú olorì nìyẹn. Owó òkú ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, ẹja sì ti ń bọ́ ọ ju tíátà lọ. Síbẹ̀, kò tíì sọ gbólóhùn kan rí nínú fíìmù, ìyẹn ló sì ń dùn ún. Ẹja ló ń fi kọ́ra. Á wo àrọ̀ kan lójú: "Ọkọ mi, o dà mí!" Àrọ̀ ò fèsì.

Inú ẹ̀ dùn nígbà tí Ọláwuyì tó ń darí fíìmù ṣèlérí pé lọ́tẹ̀ yìí, ó máa bá ọkọ ẹ̀ jà dáadáa kó tó kú. Lateefah ní kí n sin òun lọ sí Agbowa, kí n wá gbọ́hùn òun.

Ẹní la bá nílẹ̀, pẹ̀lú òwú.

"Ìjà ńkọ́?" Lateefah bi Ọláwuyì.

"A ti yọ ọ́, àǹtí. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ dùbúlẹ̀ ná."

Ó dùbúlẹ̀. Wọ́n wé e, wọ́n fi òwú sí i nímú, ẹkún bẹ̀rẹ̀.

"Ọláwuyì, o ṣèlérí fún mi." Inú aṣọ lohùn ti jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, òkú kì í sọ̀rọ̀!"

"Ẹni tó ń ṣèlérí tí kì í mú un ṣẹ, ṣé òun ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ta ló mọ òkú ṣe tó yín? Ẹ̀bùn Ọlọ́run mà ni!" Ọláwuyì ló wí bẹ́ẹ̀.

Àmín ti dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Mo mọ ìyàwó tó ń bínú ṣe náà. Wò ó báyìí."

"Àǹtí, kò sáyè fún un nínú ìtàn wa, torí pé..."

Lateefah dìde. Ó yọ òwú nímú, ó kó o lé Ọláwuyì lọ́wọ́. "Ẹja mi ń bẹ lórí iná l'Ólúwo." Ó so aṣọ funfun náà mọ́ àyà, ó jáde sójú títì. Ọlọ́kadà tó wà níwájú ilé rí i, ó fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó sá wọgbó. Ọláwuyì ṣì ń ṣàlàyé lẹ́yìn ẹ̀, Lateefah kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ wìì wìì, àfi bíi pé kò sórúnkún tó dùn ún rí.